Àgbéyẹ̀wò Kíkọ́ni ní Ìhun Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ní Ìkirè àti Àpòmù

Quirk àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (1985) pín ìhun ìpìlẹ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sí méje. Ìpín náà wúlò. Ohun tí a takò ni fífi í kọ́ni bí ẹni pé ọmọ Ìkirè tàbí Àpòmù kò ní gírámà kankan kí ó tó dé kíláàsì. Ẹ wo ‘Adé ra dòdò jẹ’. (Ta ni kò mọ dòdò Ìkirè?) Olùwà kan, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, ‘dòdò’ sì ni àbọ̀ fún méjèèjì. Kò sí èyí tí ó gba irú àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ nínú méje náà. Òfin kan ni ọmọ tí ó bá kọ ‘Ade bought dodo ate’ ń tẹ̀lé: òfin èdè abínibí rẹ̀. Bákan náà, nínú ‘Wọ́n gbé iṣu lọ sí ọjà Àpòmù’, ‘took’ nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì yóò fi ṣe iṣẹ́ ‘gbé’ àti ‘lọ’.

Ti ‘is’ tilẹ̀ le jù. Nínú ‘Adé ga’, ‘ga’ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí olùkọ́ bá fa ìlà pupa sábẹ́ ‘Ade tall’ láìṣàlàyé èyí, kò tíì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kan. Lójú tiwa, gbólóhùn Yorùbá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wà lójú pátákó, kí ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e.