Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Tí Ń Du Ipò Ìgbáyégbádùn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín yẹ irú ọ̀rọ̀ kan wò tí a kì í kà mọ́ iṣẹ́ ọnà. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń du ipò olùdarí ìgbáyégbádùn nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bá wa sọ nígbà ìbò. Bí a ti ń yẹ ewì àti eré onítàn wò, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a yẹ òun náà wò, nítorí ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àwàdà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti fa ikú nínú ọgbà yunifásítì rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, ọdún 1971, ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn parí sí ìbọn ọlọ́pàá, Kunle Adepeju sì kú. Ní ọdún 1978, nígbà tí ìjọba fi kún owó oúnjẹ, ìfẹ̀hónúhàn "Ali Must Go" gba ilẹ̀ Nàìjíríà kan, ẹ̀mí sì tún bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun yóò bójú tó ikùn àti ibùsùn wa, ó yẹ kí a fetí sí gbólóhùn rẹ̀ dáadáa.

Àléébù kìíní tí mo rí ni oríkì asán. Olùdíje á gun orí àga, á sọ ara rẹ̀ di "Ìrètí Mẹ̀kúnnù". Èmi kò bá oríkì jà o. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò bá a jà? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó ń ṣáájú oríkì nílẹ̀ wa. A kì í ki ọdẹ tí kò tíì wọ igbó rí pé ó pa erin.

Àléébù kejì fara pamọ́ sínú "a ó". "A ó tún omi ṣe, a ó mú kí iná dúró, a ó mú kí owó oúnjẹ wálẹ̀." Ta ni "a"? Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì ni ẹ̀rọ omi wà. Iye tí ìyá olóúnjẹ ń ta ìrẹsì rẹ̀, ọjà ni ó ń sọ ọ́. Ohun ìjà olùdarí kò ju ẹnu àti ẹsẹ̀ lọ: kí ó lọ, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó tún lọ. Gbólóhùn tí kò bá sọ ẹni tí a óò lọ bá, òfìfo ni.

Àléébù kẹta ni ọ̀rọ̀ tí ó tóbi jù. "N ó tọ́jú yín." Yorùbá ń tọ́jú aláìsàn, Yorùbá sì ń tọ́jú owó sápò, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èwo ni olùdíje ń wí? "Ìgbáyégbádùn" pàápàá gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè ti ẹnikẹ́ni sínú gbèsè. Ṣùgbọ́n bí o bá wí pé "garawa omi méjì láràárọ̀", o ti jẹ gbèsè nìyẹn, a ó sì sin ọ́.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní àwọn àléébù wọ̀nyí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní òun kò ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi lọ́wọ́. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni òun yóò máa lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ó ni ín; èsì tí wọ́n bá fún òun, ì báà dára, ì báà burú, òun yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ibùgbé wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbólóhùn rẹ̀ gún régé: olùṣe wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rí wà níbẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò pa òwe kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Kò wọlé. Ẹni tí ó mú onílù wá ni ó wọlé.

Èmi kò ní kí a lé onílù. Kí ó máa lù ú. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti dákẹ́, ẹ jẹ́ kí a bi olùdíje ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ìwọ yóò lọ bá? Ọjọ́ wo? Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé o lọ? Ẹni tí ó bá rí wọn dáhùn ni kí a dìbò fún, bí ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn.