Ihò Ni Kó Yọ́ Léèdì

Bí mo bá rí wáyà RS-232 tí wọ́n jó dáadáa, ọ̀gá mi ní Ṣakí ni mo máa ń rántí. Nígbà náà, dikódà sátẹ́láìtì ti gba Òkè-Ògùn kan. Bí ìkànnì bá pòórá, a ó gbé àgbà láptọ́ọ̀pù jáde, a ó sì lóòdù sọ́fítíwíà sínú dikódà. Ọ̀gá kì í ra wáyà tó ń so méjèèjì pọ̀. Wọ́n ń jó o fúnra wọn ni.

Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé píìnì 2 ń lọ sí 3, 3 ń lọ sí 2, 5 ń lọ sí 5. Ihò kékeré tó wà lẹ́yìn píìnì ni ọ̀gá ti yàtọ̀.

Àwọn kan á yọ́ léèdì sẹ́nu áyọ̀nù, wọ́n á wá fi kan wáyà. Ọ̀gá kórìíra ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi léèdì pa ẹnu wáyà, wọ́n á tẹ áyọ̀nù mọ́ ẹ̀gbẹ́ píìnì, wọ́n á gbé léèdì sí òdìkejì, níbi tí áyọ̀nù kò dé. "Ihò ni kó yọ́ ọ!" Bí ihò bá yọ́ ọ, iná ti kárí nìyẹn. Ó ku ká ti wáyà bọ̀ ọ́, ká gbé áyọ̀nù kúrò, ká má sì mira. Léèdì 60/40, ìyẹn 60 tánńganran, 40 òjé, kì í dì lẹ́ẹ̀kan. Láti nǹkan bí 190°C títí dé 183°C, bí ẹ̀kọ tó ń dì ló rí. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n níbẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣú, á rí hàràhàrà. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè já dikódà sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, kí ó má jí mọ́.

Bí NẸ́PÀ bá múná lọ, inú èédú, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ni à ń ti áyọ̀nù olórí bàbà bọ̀. Ọ̀gá á gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á ní, "Kò tíì tó." Léèdì ni mò ń sọ, mo ti bọ́ sórí èédú!

Wáyà òde òní ńkọ́? Rọ́bà ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ pa. Bó bá já nínú, kò ṣeé tú. Ààtàn ló ń lọ. Olówó pọ́ọ́kú, ọ̀nà méjì ló ń náni.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òfìkì, ọmọ iṣẹ́ tí ihò kò bá tíì yọ́ léèdì fún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dikódà oníbàárà.