Ẹrù Tí Kọ̀ǹpútà Ń Tú Kó Tó Jí

Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó di initramfs. Bí iṣẹ́ náà bá dára, ojú kì í rí i. Ẹ tẹ bọ́tìnì, iná tàn, kọ̀ǹpútà béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ó tán. Láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, kernel Linux ti tú ẹrù kékeré kan, initramfs yẹn gan-an, sínú mẹ́mọ́rì, ó ti yọ driver tó mọ hard disk jáde nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́nà dé ibi tí ètò yòókù wà.

Yíyan ohun tí a ó fi di ẹrù yẹn ni mo gbádùn jù nínú iṣẹ́ mi. Gzip ni àgbà, ó ti wà láti 1992. Xz máa ń fún ẹrù pọ̀ gidigidi, àmọ́ ẹ ó jókòó tì í kó tó tú tán. LZ4 ní tiẹ̀ kò kọ̀ kí ẹrù tóbi, kó ṣáà ti tètè tú. Lórí SSD, ó dùn. Lórí hard disk àtijọ́ tó ń yí, kíka ẹrù ńlá yẹn lè jẹ gbogbo àkókò tí LZ4 bá yín pamọ́.

Yann Collet, ará Faransé tó ṣe LZ4, ló tún ṣe zstd ní Facebook. Kernel 5.9 gbà á wọlé ní 2020. Debian 12 sì ń fi í di initramfs bí ẹnikẹ́ni ò bá yan òmíràn. Bí ẹ fi ìpele 19 fún un pọ̀, eré tó fi ń tú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìpele 1. Ẹni tó ń dì nìkan ni ìyà ń jẹ.

Ta wá ló ń dì? ISO tí mo bá ṣe, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé ètò sórí ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń dì í, lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò tú u. N ó fún un ní 19, n ó lọ jẹun. Ṣùgbọ́n initramfs, orí ẹ̀rọ onílé ni wọ́n ti ń dì í, nígbàkigbà tí kernel tuntun bá wọlé. Láptọ́ọ̀pù àlòkù, bátìrì ti kú, NEPA ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹnì kan wá ki 19 bọ̀ ọ́? Ìkà ni. (Ẹni tó ní kí update-initramfs kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú fáìlì .new kó tó rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, mo kí i.)

Èmi náà ti ṣàṣejù rí. /boot ọ̀rẹ́ mi kan, ibi tí kernel àti initramfs ń gbé, kún, «No space left on device» ló ń kọ. Dípò kí n yọ kernel àtijọ́ kúrò, mo ṣí initramfs.conf, mo sọ MODULES=most di dep, kó má kó ju driver tí ẹ̀rọ yẹn ń lò lọ. Ẹrù fúyẹ́, inú mi dùn. Nígbà tó yá, láptọ́ọ̀pù náà kú. A yọ disk rẹ̀ sínú àpótí USB, a so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Ó dúró sí (initramfs), kò lọ síwájú. Mi ò kó driver USB dání.

Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ kan kí n tó wọlé láti ibòmíràn, kí n dá a padà sí most, kí n sì tún un dì. Ẹ̀rọ tàn. Ọ̀rẹ́ mi wo aago, ó ní ṣé ohun tí mo ń ṣe láti ọ̀sán nìyẹn.