Àtẹ Lítíréṣọ̀ Yorùbá Lójú Òǹkàwé Ìjẹ̀bú-Òde

Nínú ètò Dewey tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ń lò, 896.333 ni nọ́ńbà lítíréṣọ̀ Yorùbá. Èdè ni ètò yìí kọ́kọ́ fi ṣa ìwé lítíréṣọ̀ jọ. Nítorí náà, òǹkàwé Ìjẹ̀bú-Òde tí ó ń wá *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* (1938) lè ṣe alábàápàdé *Àjà Ló Lẹrù* (1969), kí ó kúrò lọ́dọ̀ iwin Fágúnwà bọ́ sọ́wọ́ Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ó sì ń tọpa ọ̀daràn. *Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn* (1961) ti Ọdúnjọ kò ní jìnnà síbẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ẹni tí kò mọ ju òǹkọ̀wé kan lọ.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìsọ̀tàn ni ó yàtọ̀; ẹ̀ka-èdè kò yàtọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò, tí Bíbélì 1884 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, tí ó sì sún mọ́ èdè Ọ̀yọ́ jù lọ, ni wọ́n fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èdè Ìjẹ̀bú, tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ti Oǹdó àti Ìkálẹ̀, kò rí àyè níbẹ̀. Èdè ilé-ẹ̀kọ́ ni òǹkàwé náà ń kà. Èyí tí ìyá rẹ̀ fi pa àlọ́ fún un kò sí nínú wọn.