Ìmọ̀ Nìkan Kò Gbani Là: Pistis Sophia àti Ìtàn Afùwàpẹ́



Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa ní Abbey Wood tí a kò fẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ Ifá, ọmọ awo kan tó tẹfá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sọ pé àwa onífá ni Gnostic ilẹ̀ aláwọ̀dúdú. Ó ní ìmọ̀ ló gba àwọn yẹn là, ìmọ̀ náà ló ń gba àwa là. Òun ti mọ Odù òun, òun kò sì rí ohun tó kù tí òun tún ń bọ̀ wá ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì mi orí sí i. Ìdí nìyí tí a fi jókòó ti ìwé àwọn tó ń wí, kí a lè mọ ibi tó ti bá tiwa mu àti ibi tó ti yà.

Gnostic kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi wọn ló gbilẹ̀ ní Íjíbítì, Síríà àti Róòmù ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Wọn kò fẹnu kò lórí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn gbà pé Ọlọ́run tó ga jù lọ kọ́ ló dá ayé yìí. Wọ́n ní alákòóso kékeré kan tí kò mọ ohun tó wà lókè rẹ̀ ló dá a. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀run kan há sínú ara ènìyàn, ó sùn lọ, ó gbàgbé ilé. Ẹni tó bá mọ ibi tó ti wá ni yóò jí, tí yóò sì bọ́. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní gnosis lédè Gíríìkì.

Ọjọ́ pẹ́ tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀tá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ nípa wọn. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon, kọ ìwé márùn-ún takò wọ́n ní nǹkan bí ọdún 180. Ó di 1945 kí wọ́n tó hú ìkòkò kan nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì, tí púpọ̀ nínú ìwé tiwọn wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1899 ni James Johnson tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀sìn wa, Yoruba Heathenism ló sì pè é. Nítorí náà, a kò ní fi ẹnu Irenaeus dá wọn lẹ́jọ́. Ìwé wọn la ó kà.

Ọ̀kan nínú wọn kò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tó bá wọ Elizabeth line ní Abbey Wood, tó sọ̀ ní Farringdon, kò ní pẹ́ dé British Library, níbi tí Pistis Sophia tí a fọwọ́ kọ lédè Coptic wà. British Museum ló rà á ní 1785. Nínú rẹ̀, Jésù tó ti jíǹde ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Màríà Magidalénì ló sì ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù. Ó sọ fún wọn nípa Sophia, ìyẹn Ọgbọ́n, tó rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀tàn nísàlẹ̀, tó tẹ̀lé e, tó sì já sínú òkùnkùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ló ké ìrònúpìwàdà. Ìmọ́lẹ̀ òkè ló wá fà á jáde.

Ohun tó jọ tiwa wà níbẹ̀. Àwa náà gbà pé ènìyàn ń gbàgbé àkúnlẹ̀yàn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, ló ń rán wa létí. Àwa náà ní ohun tí a kì í sọ fún ọ̀gbẹ̀rì. Ọmọ awo wa kò ṣìnà nígbà tó rí èyí. Ó ṣìnà nígbà tó dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn inú Ògúndá Méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sophia. Oríṣẹẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ń lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, òjò sì bà á jẹ́ lójú ọ̀nà ayé. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sílé Ọ̀rúnmìlà, bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó rúbọ, kó sì mú owó àti iyọ̀ dání. Ẹ kíyè sí i: Ifá kò sọ orí tí yóò mú fún un. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú sọ́bẹ̀, ó fún un ní iyọ̀, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó fi owó san gbèsè Àjàlá, ẹni tó ti sá gun àjà nítorí ẹni tó wá sin owó. Àjàlá tó ṣe lóore ló bá a yan orí tó le. Ìmọ̀ fi ọ̀nà hàn án. Ẹbọ àti ìwà ló gbé e débẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Pistis Sophia ń kọ́ni pé ká kọ ayé àti ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Lóòótọ́, ó ní ká kọ olè jíjà àti ìpànìyàn sílẹ̀ pẹ̀lú, a kò gbọdọ̀ fi èyí dù ú. Ṣùgbọ́n ìjádelọ ni gbogbo rẹ̀ dojú kọ, kí ọkàn lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn alákòóso ojú ọ̀run. Lọ́dọ̀ tiwa, Ọbàtálá ló mọ ara ènìyàn. Ara kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, ilẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Ọmọ, owó, àlàáfíà, àìkú, gbogbo ire tí à ń tọrọ nídìí Ifá, ayé la ti ń jẹ ẹ́. Ayé lọjà, ọ̀run nilé, àmọ́ ẹnìkan kì í sá kúrò lọ́jà nítorí pé ó mọ̀nà ilé.

Ní Abbey Wood níbí, àwókù Lesnes Abbey tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1178 ṣì wà lẹ́bàá igbó. Àwọn àlùfáà ibẹ̀ tẹ̀lé ìlànà Augustine, ọmọ Áfíríkà. Augustine yìí ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Mani, tí òun náà ní ìmọ́lẹ̀ há sínú ara, kó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀run làwọn àlùfáà náà ní àwọn ń wá, síbẹ̀ wọ́n ń mọ odi dí etí odò Thames kí omi má baà bo ilẹ̀ àbàtà, ìnáwó rẹ̀ sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀sìn wọn kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n omi kì í bi ènìyàn léèrè ohun tó mọ̀ kó tó wọlé.

Ẹ̀bi àwa àgbà náà wà ńbẹ̀. A sọ Odù fún ọmọ awo, a kò tẹnu mọ́ èèwọ̀ àti ẹbọ tó tẹ̀lé e. A jẹ́ kí ìtẹ̀fá dà bí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ Odù rẹ̀, tí kò pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́, tí kò bẹ aláìsàn inú ẹgbẹ́ wò ní Thamesmead, orí tó wu ojú ló gbé, òjò sì ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ Ifá mẹ́rin rèé tí ọmọ awo wa kò yọjú. A kò pa àyè rẹ̀ rẹ́. Bó bá ka èyí, kó mọ̀ pé a kò bínú sí i, kó sì padà wá. Kó mú iyọ̀ dání.

Ire o.