Gígun Òkè Ososo Lọ́wọ̀ọ́wọ́

Ìlú Benin kò ní òkè. Bèbè Iya, yàrà ìlú tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láyé àtijọ́, ni ọmọ ibẹ̀ lè gùn. Ẹni tó bá fẹ́ àpáta gidi, àfi kó wọkọ̀ ní ìdájí, kó gba Auchi àti Igarra lọ sí Ososo tàbí Somorika, ní Akoko-Edo.

Mo gbóríyìn fáwọn tó ń kóra wọn jọ lọ lóṣù kẹjọ, tí òjò bá sinmi díẹ̀. Oòrùn kì í mú jù nígbà náà, àmọ́ àpáta ṣì ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Ọmọ ìlú tó mọ̀nà ló yẹ kó ṣíwájú, kí ẹni tó lágbára jù kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀yìn ni ti ọ̀lẹ. Rárá o! Ẹni tó kẹ́yìn ló ń gbọ́ bí ẹlòmíì ṣe ń mí, òun ló ń ké pé "Ẹ dúró!" kó tó rẹ ẹnìkan jù. Wíwálẹ̀ ló sì ń dán orúnkún wò: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ẹ fọwọ́ ti àpáta, ẹ má sáré.

Ẹ̀yin ará Benin, ẹ gbé omi dání, ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ẹ sì kí àwọn àgbà ìlú kẹ́ ẹ tó gòkè.