Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò: Àyẹ̀wò Òwe Kan

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí olùkọ́ èdè Yorùbá tí kò tíì fi òwe yìí kọ́ ọmọ ní ìfaradà rí: "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra." Òwe náà dùn létí, ó sì ń pẹ̀tù sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi í kọ́ni bí ẹni pé òun ni òpin ọ̀rọ̀ lórí bí a ti í gba ẹlòmíràn mọ́ra, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Ohun tí òwe náà ń wí ni pé àyè pọ̀. Kò sọ pé ẹyẹ fẹ́ràn ẹyẹ; gbígbòòrò ojú ọ̀run ni kò jẹ́ kí wọn kọlu ara wọn. Níbi tí àyè kò bá wá tó ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a gbé e dé Koumassi Remblais ní Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Kì í ṣe Kumasi ti ilẹ̀ Gáńà. Koumassi wà lórí erékùṣù Petit-Bassam láàrin ọ̀sà, pẹ̀lú Treichville àti Marcory. Iyẹ̀pẹ̀ tí a kó dí ibi tí ó rẹlẹ̀ kí ilẹ̀ lè ga ni ọ̀rọ̀ Faransé náà, remblai, túmọ̀ sí. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní Abidjan, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa gbé inú àgbàlá kan, kí wọn jùmọ̀ máa lo ẹ̀rọ omi kan. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti ń ṣòwò ní ìlú náà láti ìran dé ìran, láàrin Baoulé, Dioula àti Mossi. Ẹni tí ó bá fẹ́ tajà níbẹ̀ kò lè fi èdè Yorùbá nìkan ṣe é. Ẹyẹ ibẹ̀ ń fara kanra lójoojúmọ́.

Ewu wà nínú àìfarakanra pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá, 1958, àwọn ènìyàn dìde sí àwọn ará Dahomey, tí í ṣe Benin lónìí, àti àwọn ará Togo ní Abidjan. Ní oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Gáńà pàṣẹ kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní, 1983, orílẹ̀-èdè tiwa pẹ̀lú pa irú àṣẹ kan náà, àwọn ará Gáńà sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kan. Ìyà tí a jẹ kò kọ́ wa láti má fi jẹ ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ẹni tí a kàn ń fò kọjá, tí a kò mọ èdè rẹ̀ tàbí orúkọ ọmọ rẹ̀, kò ṣòro láti lé.

Ẹnìkan lè wí pé ìsúnmọ́ra ni í bí ìjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò gbàgbé èyí: ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì tún parí rẹ̀. Inú ẹnu kan ni wọ́n ń gbé. Kò sí èyí tí ó lè kó jáde fún èkejì. Òwe yìí jinlẹ̀ ju ti ẹyẹ lọ, nítorí ó gbà pé ìjà yóò wà, kò sì fi àyè gba ìlélọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe pa òwe ẹyẹ tì. Ẹ fi í ṣe ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Ẹ bi ọmọ tí ó kà á léèrè pé: "Aládùúgbò rẹ tí kì í ṣe Yorùbá, báwo ni a ti ń kí ni ní èdè rẹ̀?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ rán an lọ kọ́ ọ.